Dísìkì Tí Kò Sí Orin Nínú Rẹ̀

Òórùn èso òrí ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ náà, kí ojú mi tó rí ohunkóhun. Ilé ìkẹ́rù kan ni, ní ẹ̀yìn ọjà Bàsìlà, níbi tí àwọn oníṣòwò ti máa ń kó èso òrí jọ kí ọkọ̀ kàmíọ̀ tó wá gbé e lọ sí etí òkun. Wọ́n ti kó àwọn àpò náà kúrò, ṣùgbọ́n òórùn kò bá àpò lọ. Ó wà lára ògiri, ó wà nínú ilẹ̀, ó ń wọ imú wa bí ẹni ń wọ ilé ara rẹ̀. Òyìnbó tí ó fẹ́ gba ohùn wa sínú ẹ̀rọ ti so kúbùsù mọ́ gbogbo ògiri, ó ti to àpò òwú àràbà dí ẹnu ọ̀nà àti ojú fèrèsé, kí ariwo ọjà má baà wọlé. Atẹ́gùn náà kò rí ọ̀nà wọlé. Aṣọ ti lẹ̀ mọ́ wa lára kí oòrùn tó mú rárá. Ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní sítúdíò. Èmi rò pé bí àwọn òyìnbó ṣe ń pe àká ni.

Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà, tàbí mọ́kànlá. Èmi ni mo fẹ́ kọrin.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní agbègbè wa lè ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lọ́nà mìíràn. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ohun tí ojú mi rí ni mo ń kọ, mo sì rọra ń kọ ọ́. Àwọn tí mo dárúkọ, orúkọ tí a fi ń pè wọ́n ní àdúgbò ni mo lò. Àwọn yòókù, ipò wọn nìkan ni mo kọ sílẹ̀. Bí ẹ bá kà á dé iwájú, ẹ ó rí ìdí rẹ̀.

Ẹgbẹ́ wa ń jẹ́ Ìràwọ̀ Jásì. Orúkọ náà tóbi ju ẹgbẹ́ lọ. Gìtá kan ni a ní, àpótí onígi kan tí Búràímọ̀ máa ń jókòó lé tí ó sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ lù, ìgò méjì, àti ohùn mi. Ẹni tí ó dá a sílẹ̀ ni Sàlíù, tí gbogbo Mánígìrì, ìlú wa, ń pè ní Kùmásì, nítorí pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni ó wà nígbà tí ó lọ ṣiṣẹ́ nínú oko kòkó ní ìlú Kùmásì lọ́hùn-ún, tí kò sì padà títí ọdún mẹ́fà fi pé. Àwọn mìíràn gbé ẹ̀rọ ìránṣọ ti Kùmásì dé, àwọn mìíràn gun kẹ̀kẹ́ dé. Tirẹ̀, ó gbé gìtá dé, ó wọ bàtà aláwọ̀ méjì, ó sì la irun rẹ̀ sí méjì láàárín orí. Bàbá mi wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Ọdún mẹ́fà."

Kò sí ilé ijó kankan ní Mánígìrì. Oko ni ẹgbẹ́ wa ti ń ṣeré, ní àsìkò ebè kíkọ. Ẹ rántí bí ọ̀wẹ̀ ṣe máa ń rí: ogójì ọkùnrin á tò, ọkọ́ á gòkè, ọkọ́ á sọ̀ kalẹ̀, eruku á bo ẹsẹ̀ wọn, òórùn ilẹ̀ tútù á gba gbogbo ibẹ̀, àwọn obìnrin á sì máa gún iyán lábẹ́ igi. Akọrin á máa kí àwọn tó ń kọ ebè lọ́kọ̀ọ̀kan. Kíkí yẹn gan-an ni iṣẹ́ akọrin. Ó gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni, kí ó sọ ọmọ ẹni tí ó jẹ́, kí ó sọ ibi tí ó ń gbé tàbí tí oko rẹ̀ wà, kí ó sì sọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe. Ẹni tí akọrin bá fò, ńṣe ni yóò gbé ọkọ́ lé èjìká tí yóò máa lọ sílé, kò sì sí ẹni tí yóò dá a dúró, nítorí gbogbo wọn mọ̀ pé ó jàre. Mo ti rí àgbà ọkùnrin méjì tí wọ́n fi oko sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo nítorí pé ikọ́ gbé akọrin.

Ìdí nìyí tí Kùmásì fi wá tọrọ mi lọ́wọ́ bàbá mi. Orúkọ kì í sọnù lórí mi. Ní lẹ́kọ́lù, Mùsé tó ń kọ́ wa níwèé máa ń ṣí kàyé, ìwé orúkọ wa, ní àràárọ̀, yóò pe orúkọ, a ó sì máa dáhùn, "Pirésáǹ!" Láàárín oṣù kan mo ti mọ gbogbo rẹ̀ sórí, láti ẹni àkọ́kọ́ dé ẹni ìkẹyìn, pẹ̀lú ẹni tó máa ń pẹ́ àti ẹni tó máa ń fi ikọ́ purọ́. Lọ́jọ́ tí Mùsé gbàgbé kàyé sílé, èmi ni ó ní kí n dìde pè é. Mo pè é láìfo ẹnikẹ́ni, mo sì sọ ibi tí àwọn tí kò wá wà. Ó yìn mí. Àwọn tí kò wá náà gbọ́ nípa rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, wọ́n sì dúró dè mí lẹ́yìn kànga. Ó yẹ kí n ti ibẹ̀ kọ́gbọ́n.

"Rọra, Mẹ́múnà," ni bàbá mi máa ń sọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni fún gbogbo nǹkan. Bí mo bá ń sáré, bí mo bá ń jẹun, bí mo bá ń ka ìwé sókè: "Rọra."

Kùmásì ní orin kan tí ó ṣe fúnra rẹ̀. Orin nípa ọ̀dọ́kùnrin tí ó ti ìrìn àjò dé, tí ajá ilé rẹ̀ ń gbó o. Ó dùn, mo lè sọ bẹ́ẹ̀ láìbẹ̀rù. Nígbà tí ìròyìn dé pé òyìnbó kan wà ní Bàsìlà tí ó ń wá ẹgbẹ́ olórin tí kò tíì ṣe dísìkì rí, Kùmásì kò jókòó mọ́. Ó rìn lọ sí Bàsìlà, ó rìn padà, ó ní òyìnbó ti gbà. Dísìkì kan fún ẹgbẹ́ kan, ojú méjì, ìṣẹ́jú mẹ́ta ní ojú kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí a fi ìkíni sílẹ̀ pátápátá, kí a kọ orin ajá ní ojú kìíní, kí a sì tún un kọ ní ojú kejì pẹ̀lú ìgò.

Àwọn àgbà pè é. Abẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n jókòó sí, èmi náà sì wà níbẹ̀ nítorí pé ọ̀rọ̀ kàn mí.

"Dísìkì yìí," ni ẹni tó dàgbà jù bi í, "ṣé yóò dé Kútọnu?"

"Yóò dé ibẹ̀, Bàbá."

"Ṣé yóò dé Kùmásì tìrẹ yẹn?"

"Ó lè dé ibẹ̀, Bàbá."

"Yóò wọ ilé onílé, kò ní kí ẹnikẹ́ni, yóò kàn la ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ajá?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ojú wọn fi ń ṣomi. Ẹlòmíràn ní, "Wọn á bèèrè pé ọmọ ta nìyí. Wọn á ní ará Mánígìrì ni. Ẹ wo ìtìjú!"

Kùmásì ní, "Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni o, ẹ̀yin bàbá."

"Ẹ kí ènìyàn ní kúkúrú nígbà náà," ni wọ́n wí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìlú wa mọ ohun tí à ń pè ní kúkúrú. Kòmáńdà, òyìnbó tó ń ṣàkóso agbègbè wa, ni a ó kọ́kọ́ kí, nítorí pé ìjọba ló nilẹ̀ nígbà náà. Lẹ́yìn rẹ̀, olóyè Bàsìlà, nítorí pé ìlú rẹ̀ ni a ti fẹ́ kọrin. Lẹ́yìn rẹ̀, ògbufọ̀ kòmáńdà, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gbogbo ń gbà kọjá. Lẹ́yìn náà ọba Mánígìrì, lẹ́mọ́mù, àwọn àgbà, àdúgbò kọ̀ọ̀kan, títí dé àwọn ọ̀dọ́.

Mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé nǹkan kan níbí. Ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, ìjọba a máa yan àwọn ọ̀dọ́kùnrin fún iṣẹ́ ológun. Wọ́n á wọ̀n wọ́n, wọ́n á wo eyín wọn, àwọn tí ara wọn le á bá kàmíọ̀ lọ sí ibi tí ìyá wọn kò lè dárúkọ rẹ̀. Ogun ń jà níbìkan tó jìnnà. Nítorí náà, nígbà tí akọ̀wé wá ka àwọn ará Mánígìrì, ó bá a pé ikú ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ láàárín wa. Ọmọkùnrin mọ́kànlá ti kú. Ikú ọdún náà mọ ọjọ́ orí ju akọ̀wé lọ: kò pa ẹni tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún, kò pa ẹni tí ó ti bí ọmọ mẹ́ta, kò sì fọwọ́ kan ọmọbìnrin kankan. Akọ̀wé kọ gbogbo rẹ̀ sínú kàyé rẹ̀. Bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́.

Ìdìrísù ẹ̀gbọ́n mi wà lára àwọn òkú náà. Ó ń kọ ebè ní Dògùè, ní oko ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ó sì ń jẹun dáadáa. Ní ọjọ́ ọjà, ìyá mi máa ń fi èlùbọ́ rán àwọn ará Dògùè sí i.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan kí a tó lọ sí Bàsìlà, àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í nífẹ̀ẹ́ mi. Ọ̀kan dá mi dúró ní ọ̀nà odò, ó fún mi ní àkàrà mẹ́ta. "Mẹ́múnà, ọmọ dáadáa, fi tèmi sí i. Sọ ọ́ kíákíá láàárín àwọn yòókù. Kò sẹ́ni tí yóò fura." Òmíràn fún mi ní ẹ̀pà. Òmíràn fi omi ìwẹ̀ gbígbóná lọ̀ mí ní ilé rẹ̀. Ìyá kọ̀ọ̀kan rò pé òun nìkan ni ó ti ro irú èrò bẹ́ẹ̀, wọ́n sì pé mẹ́wàá. N kò lè bá wọn wí. Láti ọjọ́ tí ọmọ wọn ti kú sínú kàyé, kò sí ẹni tí ó tún kí i ní ọ̀wẹ̀. Wọ́n ń fojú ara wọn rí bí orin ṣe ń fo ọmọ wọn lọ́dọọdún, ẹ̀rù sì ti ń bà wọ́n pé irọ́ náà fẹ́ di òótọ́.

Ìyá mi ló ṣe ìkọkànlá. Ó ń di irun mi ní ìdájí ọjọ́ tí a fẹ́ lọ, ó sì fà á le ju bó ṣe yẹ lọ.

"O ó kí ẹ̀gbọ́n rẹ."

"Bàbá ní n kò gbọdọ̀."

"Mo gbọ́ ohun tí bàbá rẹ sọ. Mo ní, o ó kí ẹ̀gbọ́n rẹ."

Nínú sítúdíò náà, òyìnbó mú aṣọ ìnujú pupa kan lọ́wọ́. Bí ó bá gbé e sókè, kí a bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ kí ó wálẹ̀, kí a dákẹ́. Ó gbé e sókè. Kùmásì ta okùn, Búràímọ̀ lu àpótí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí kòmáńdà. N kò fo ẹnikẹ́ni. Mo kí olóyè, mo kí ògbufọ̀, mo kí ọba, mo kí lẹ́mọ́mù àti ọkùnrin tí ó ń bá a gbé ṣágo omi. Nígbà tí aṣọ pupa wálẹ̀, a ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àdúgbò kẹta ni.

Òyìnbó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó to ẹ̀rọ rẹ̀ fún ojú kejì. Gbogbo wa wo Kùmásì. Ó lè bẹ̀rẹ̀ orin rẹ̀ nígbà náà, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a ti kí àdúgbò mẹ́ta, ó ku méjì, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni a ó sì padà sílé láàárín wọn. Ó mí kanlẹ̀, ó mi orí sí mi pé kí n máa bá a lọ. Aṣọ pupa gòkè. Mo tẹ̀síwájú.

Mo kí àwọn òkú mọ́kọ̀ọ̀kànlá níbi tí wọ́n wà gan-an, pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́ wọn. "A kí ọ o, Ìdìrísù ọmọ Yésúfù, tí ó ń kọ ebè lóko Dògùè, ọkọ́ rẹ kò ní ṣẹ́." Lẹ́yìn ẹni ìkẹyìn, Kùmásì yí ohùn gìtá padà kíá, ó la ẹnu, ó ní, "Mo ti dé o," aṣọ pupa sì wálẹ̀.

Òyìnbó pàtẹ́wọ́. Kò gbọ́ èdè wa. Ó bọ Kùmásì lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní orin náà dára, pàápàá ìparí rẹ̀.

Òjò kan lọ, ẹ̀ẹ̀rùn dé, kí dísìkì tó ti òkè òkun padà wá sí ọjà Bàsìlà. Ní Mánígìrì, télọ̀ kan ṣoṣo ló ní fónó, ẹ̀rọ tí ń kọ dísìkì, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí. Àwọn ènìyàn tò sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ẹni kọ̀ọ̀kan dúró gbọ́ orúkọ ara rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ sílé. Kò sí ẹni tí ó bèèrè orin. Gbogbo ìlú gbà pé a ṣe é dáadáa. Kùmásì nìkan ni ó máa ń dúró dé òpin, láti gbọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta tirẹ̀.

Ní Bàsìlà, ògbufọ̀ náà ra dísìkì kan. Inú rẹ̀ dùn púpọ̀. Bí àlejò bá dé, yóò gbé fónó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, yóò yí i, gbogbo wọn á gbọ́ kòmáńdà, wọ́n á gbọ́ olóyè, wọ́n á gbọ́ òun, yóò sì gbé abẹ́rẹ́ kúrò. Oṣù méjì ni ó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò mọ̀ pé dísìkì náà ní nǹkan mìíràn nínú. Ní ọjọ́ kan ni ìyàwó rẹ̀ pè é sí oúnjẹ, ó gbàgbé abẹ́rẹ́ síbẹ̀, ó sì ń gbọ́ ìyókù bí ó ti ń jẹun. Wọ́n ní ó wẹ ọwọ́, ó dìde, ó yí dísìkì náà sí ojú kejì, ó sì lọ mú kàyé akọ̀wé.

Wọ́n rán gáàdì lọ sí Dògùè. Ìròyìn ti ṣíwájú gáàdì débẹ̀. Ebè tuntun ni ó bá, kò bá ẹnikẹ́ni. Nígbà tí kòmáńdà wá sí Bàsìlà láti yan ológun, wọ́n ránṣẹ́ pe bàbá mi, wọ́n ní kí ó mú ọmọ tí ó kọrin wá. Kùmásì àti Búràímọ̀ ní àwọn kò lè jẹ́ kí a dá lọ. Wọ́n ní orin lásán ni, àwọn yóò ṣàlàyé. Kùmásì wọ bàtà rẹ̀.

Bàbá mi gbé mi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Ìyá mi dúró ní ẹnu ọ̀nà. Kò sunkún. Ó ní, "Bí ẹnu rẹ bá pe ọmọ mi ní òkú, má padà wá bá mi." A kò tíì jìnnà sílé tí bàbá mi fi ní, láìbojú wẹ̀yìn, "Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá bi ọ́ nípa rẹ̀, sọ pé ó ti kú. Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn. Bí o bá sọ òmíràn, wọn yóò mú Ìdìrísù, wọn yóò sì mú èmi." Gbogbo ọ̀nà náà ni mo fi ń ronú ẹni tí n ó ṣẹ̀ nínú àwọn méjèèjì. N kò rí ọ̀nà kẹta.

Bùró kòmáńdà gbóná. Kòmáńdà jókòó sẹ́yìn tábìlì, fónó wà níwájú rẹ̀, akọ̀wé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú kàyé. Ògbufọ̀ ló kọ́kọ́ bá bàbá mi sọ̀rọ̀.

"Bàbá Ìdìrísù, o sọ fún ìjọba pé ọmọ rẹ ti kú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ògbufọ̀. Ẹ kú ìkẹ́dùn."

"Ọmọ rẹ obìnrin kí i nínú dísìkì."

"Àwa a máa kí òkú wa."

"Ó ní ó wà lóko Dògùè."

"Níbẹ̀ ni a sin ín sí."

"Ó ní ó ń kọ ebè!"

"Ó fẹ́ràn iṣẹ́ púpọ̀," ni bàbá mi wí, ó sì fi etí agbádá nu ojú.

Ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀. Kòmáńdà ní àgbàlagbà lè purọ́, ọmọdé kì í purọ́. Ó ní kí wọ́n fi dísìkì náà sí i, kí wọ́n dá a dúró ní orúkọ kọ̀ọ̀kan, kí n sọ èyí tó wà láàyè àti èyí tó ti kú. Ó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ohun gbogbo lè wà létòlétò.

Wọ́n yí fónó. Ohùn mi jáde. N kò gbọ́ ọ rí kí ó dún tóbẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn orúkọ àkọ́kọ́, ògbufọ̀ gbé abẹ́rẹ́ sókè, ó yí sí mi. "Ó wà láàyè, tàbí ó ti kú?"

Etí mi ń hó. Ọ̀rọ̀ bàbá mi nìkan ló kù nínú rẹ̀. Mo ní, "Ó ti kú."

Kòmáńdà bèèrè ohun tí mo sọ. Ògbufọ̀ ń fi ìka nu abẹ́rẹ́. Ó tún bèèrè, ó lu tábìlì, ògbufọ̀ sì túmọ̀ rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Kòmáńdà wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì. Ó ní kí wọ́n máa bá a lọ.

"Olóyè Bàsìlà?"

"Ó ti kú."

Ògbufọ̀ fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀, orúkọ tirẹ̀ jáde. Òógùn ti bo imú rẹ̀. Kò bi mí ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n èmi ti mọ iṣẹ́ mi nísinsìnyí. "Ó ti kú," ni mo wí.

"Ẹnu rẹ á rà!" ni ó pariwo. "Ọmọ burúkú!"

Kòmáńdà bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń húkọ́, ó yọ aṣọ ìnujú, ó nu ojú. Ó sọ nǹkan kan fún ògbufọ̀, akọ̀wé sì túmọ̀ rẹ̀ fún wa nítorí pé ògbufọ̀ kọ̀: "Ó ní òkú ni òun, òkú ni ògbufọ̀ náà, ta wá ni yóò lọ mú àwọn òkú ti Dògùè?" Ó ti dísìkì náà sẹ́yìn, ó ní òun kò lè fi ẹ̀rí ọmọ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá òun. Akọ̀wé pa kàyé dé. Wọn kò dé ibi orúkọ Ìdìrísù rárá. Mo rí èjìká bàbá mi tí ó wálẹ̀.

Ì bá dára kí a lọ ní àkókò yẹn.

Kùmásì wà lójú fèrèsé, níta, pẹ̀lú bàtà rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí gbogbo ènìyàn. Kòmáńdà nàka sí i, ó ṣì ń nu ojú. Akọ̀wé ní, "Èyí náà ńkọ́? Ṣé òkú ni?"

Àwàdà ni. Mo mọ̀ báyìí pé àwàdà ni. Ṣùgbọ́n ojú ń tì mí nígbà náà. Mo ti rí i pé mo dáhùn òdì lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n sì ń fi mí rẹ́rìn-ín, èmi tí Mùsé máa ń yìn. Mo fẹ́ gba ọ̀kan péré. Mo na ara mi tán, mo ní, "Rárá o. Ó wà láàyè. Sàlíù ni, ọmọ Mánígìrì. Gìtá ni ó ń ta."

Akọ̀wé ṣí kàyé padà. Ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀. Kò sí Sàlíù kankan tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní Mánígìrì, nítorí pé oko kòkó ni ó wà nígbà tí wọ́n ń ka ènìyàn. Àwa tí a kọrin kò sì kí ara wa nínú dísìkì. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ológun. Wọ́n wọ̀n ọ́n kí ọ̀sán tó pọ́n. Búràímọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, wọ́n ní kí ó máa lọ.

Kùmásì gbé gìtá fún Búràímọ̀. Nígbà tí wọ́n ń mú un kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fọwọ́ kan irun mi. "Mẹ́múnà, o ò sọ ibi tí oko mi wà," ni ó wí, ó sì rẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ bóyá ó ń bínú. Mo ti bi ara mi ní ìbéèrè yẹn títí.

Ìyá mi ṣì dúró ní ibi tí a fi í sílẹ̀ sí. "Ṣé o sọ ọ́?" "Wọn kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, Ìyá." Ó gbé mi mọ́ra, ó fún mi ní ọkà gbígbóná pẹ̀lú epo. Mo jẹ ẹ́ tán. Ìyá Kùmásì ń gbé ní ilé kẹrin sí tiwa. Mo gbọ́ nígbà tí Búràímọ̀ wọ ibẹ̀ pẹ̀lú gìtá.

Ìwé méjì ni Kùmásì fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà, a kò gbọ́ mọ́. Kò sí ẹni tí ó wá sọ pé ó kú, kò sì sí ẹni tí ó wá sọ pé kò kú. Ní ti Ìdìrísù, ó ṣì wà. Nígbà tí ilẹ̀ wa di òmìnira tí ó lọ gba ìwé, wọ́n ní òkú ni, kí ó mú bàbá rẹ̀ wá jẹ́rìí pé ó wà láàyè. Bàbá wa kọ̀. Ó ní òun ti sọ tẹnu òun fún ìjọba lẹ́ẹ̀kan, òun kò ní í yí i padà. Òkú ni ó wà nínú ìwé títí tí bàbá fi di olóògbé, Ìdìrísù náà ni ó sì gbẹ́ ilẹ̀ tí a sin bàbá sí. Lọ́dọọdún ó ń gbé iṣu tuntun wá fún mi.

Bàsìlà ni mo ń gbé nísinsìnyí, mo ń ta aṣọ. Àwọn ará àdúgbò ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ẹnìkan bá dúró lójú fèrèsé tí ó ní, "Ṣé bàbá wọn wà nílé?" mo ń bèèrè ẹni tó fẹ́ mọ̀. Ọkọ mi á jókòó lórí àga, á máa jẹun, á máa gbọ́ mi tí mò ń sọ pé n kò mọ ibi tí ó lọ. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, bí wọ́n bá ní kí n ka àwọn tó mú ẹ̀bùn wá, orí a máa fọ́ mi. Orúkọ kò tíì sọnù lórí mi o. Gbogbo wọn ṣì wà níbẹ̀, àdúgbò márààrún. Ẹnu ni wọn kò gbà jáde mọ́.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní rédíò wá, ó ń wá dísìkì àtijọ́. Ó ti rí tiwa ní ilé télọ̀ náà, ó sì ti gbà á sínú ẹ̀rọ kékeré kan. Wọ́n sọ fún un pé ará Mánígìrì ni mí. Ó gbé ẹ̀rọ náà lé orí aṣọ tí mo tẹ́, ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn ọmọ náà jáde, ó mọ́ gaara, ó ń kí kòmáńdà bí ẹni ń kí ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́nu odò.

"Ìyá, ọmọ yìí mà láyà o," ni ó wí. "Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n? Ṣé ó ṣì wà?"

Mo ní n kò mọ̀.

Ó gbọ́ ọ dé òpin pẹ̀lú mi. Ó bèèrè ohun tí ọkùnrin náà fẹ́ kọ lẹ́yìn "Mo ti dé o." Orin náà wà lórí ahọ́n mi, gbogbo rẹ̀, láti ibi ajá dé ibi ìyá. Kò sí ẹlòmíràn tó tún mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí Búràímọ̀ ti lọ. Mo ní n kò mọ ìyẹn náà.

Ó dúpẹ́. Ó yọ kàyé, ó ní kí n sọ orúkọ mi, kí òun lè kí mi nínú ètò òun. Ọmọ inú dísìkì yẹn ì bá ti dìde dúró, ì bá ti sọ orúkọ, orúkọ bàbá, ibi tí ṣọ́ọ̀bù wà àti ohun tí ó ń tà, kí ọmọkùnrin náà tó rí bíírò rẹ̀. Èmi ká aṣọ mi. Mo sọ fún un pé ọjà ti fẹ́ tú, kí ó tètè máa lọ kí ilẹ̀ má baà ṣú bá a lọ́nà.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni.